Èlé wálẹ̀ dé 0.5% ní London: Àǹtí pàdánù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jèrè

Ọjọ́bọ̀ 5 March 2009 ni Bank of England, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Britain, gé èlé wá sí 0.5%, àtìgbà tí wọ́n sì ti dá báǹkì yẹn sílẹ̀ ní 1694 kò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjì kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ìdílé kan náà ni wọ́n, London níbí làwọn méjèèjì ń gbé, èmi ni wọ́n sì máa ń gbé lẹ́tà báǹkì wá bá. Ìròyìn kan ṣoṣo yẹn ba ti ẹnì kan jẹ́, ó tún ti ẹnì kejì ṣe. Mi ò ní dárúkọ wọn o, àwọn fúnra wọn ti ní kí n sọ ọ́, mo kàn yí owó wọn sí iye tó máa rọrùn fún wa láti jọ ṣírò ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kọ ọ́ ni pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ èlé tó wálẹ̀ lórí rédíò, ṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé oore ni fún gbogbo èèyàn, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá, owó ń kúrò lápò ẹnì kan bọ́ sápò ẹlòmíì ni, ọ̀pọ̀ wa ò sì rí i nígbà tó ń kọjá torí pé ẹni tó ń pàdánù àti ẹni tó ń jèrè ò mọra wọn. Nínú ìdílé yìí, wọ́n mọra wọn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Àǹtí. Ọsibítù NHS ló ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó fẹ̀yìntì ní 2005. Owó gọbọi tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ, pẹ̀lú èyí tó ti ń fi àjọ kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ jẹ́ £40,000. Flat council, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ló ń gbé, rẹ́ǹtì ló ń san, kò nílé lórúkọ ara ẹ̀ ní London. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ share, kò fẹ́ gbọ́. Ó ní owó tóun fi àìsùn wá, òun ò lè gbé e síbi tí wọ́n á ti jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní ó ti di ìdajì. Building society, irú báǹkì kan tó jẹ́ tàwọn oníbàárà ẹ̀, ló kó o sí, àkáǹtì oní-páàsìbúùkù, ìwé kékeré tó máa ń fi ọ̀rá wé kó tó fi sínú báàgì.

Ní 2007 èlé Bank of England wà ní 5.75%, àkáǹtì Àǹtí sì ń san 5%. £2,000 lọ́dún nìyẹn, wọ́n á yọ owó orí 20% kúrò níbẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹ̀, ó ku £1,600, tá a bá pín in sóṣù méjìlá ó lé díẹ̀ ní £130. £130 yẹn kì í ṣe owó fàájì o. Ìjẹ̀bú-Òde ló ń lọ lóṣooṣù, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún NEPA, fún owó ọmọ tó ń bá màmá yẹn gbélé.

Ẹnì kejì tí mò ń sọ, ọmọ tí màmá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn bí ni. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, torí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Dẹ́rẹ́bà. Ó ra ilé sí Thamesmead ní 2006, àdúgbò tá a pọ̀ sí dáadáa, ó yá £150,000. Mortgage tó gbà, interest-only ni, èlé nìkan ló ń san lóṣooṣù, ojú owó tó yá gan-an dúró pa síbẹ̀ títí ọdún 25 á fi pé ní 2031. Tracker sì ni, ìyẹn ni pé ohun yòówù kí Bank of England fi èlé ẹ̀ sí, tiẹ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á kàn fi 0.5% lé e. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kó gba fixed, èyí tí èlé ẹ̀ kì í yí padà fún iye ọdún tí wọ́n bá dá, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀, òun ní òun ò fẹ́ ohun tí wọ́n á máa bu owó ìtanràn fóun lé lórí tóun bá rówó tètè san án. Ìdí kan ṣoṣo tó fi gba tracker nìyẹn, kì í ṣe pé ó rí ọ̀la. Nígbà tí èlé wà ní 5.75%, 6.25% ni tiẹ̀, £781 ló ń san lóṣù, ó ń ṣe overtime láti fi dí i, ìyàwó ẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dàrú. Báǹkì Lehman Brothers wó ní Amẹ́ríkà ní 15 September 2008, oṣù tó tẹ̀ lé e ìjọba Britain ti ń kówó sínú báǹkì RBS àti Lloyds kí wọ́n má baà wó. Bank of England bẹ̀rẹ̀ sí gé èlé: 5% ló wà, ó di 4.5% ní October, 3% ní November, 2% ní December, 1.5% ní January, 1% ní February, 0.5% ní March. Wọ́n tún gbé èyí tí wọ́n ń pè ní QE dé, owó tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi máa ra ìwé gbèsè ìjọba, £75 billion ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, nígbà tó fi máa di July 2012 ó ti di £375 billion.

Lẹ́tà ń dé bá Dẹ́rẹ́bà léraléra, iye tó wà nínú eléyìí á kéré sí ti tàná. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ní owó oṣù ẹ̀ ti di £125. Ó rò pé wọ́n ṣì í tẹ̀ ni, ó pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù ní bẹ́ẹ̀ ni sà, £125 ni. £656 ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lóṣù kan, kò wakọ̀ ju bó ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti Àǹtí, inú páàsìbúùkù ni mo ti rí i. Ìlà interest ọdún kan ń sọ £1,600, ti ọdún tó tẹ̀ lé e ti já wálẹ̀, ìyẹn tó tún tẹ̀ lé e sọ £160. Ó ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ £160 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ "béèrè" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó lọ béèrè lóòótọ́. Ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà ní kí mà má bínú, bó ṣe rí ní gbogbo báǹkì nìyẹn. Àkáǹtì tó ń san 5% ti ń san 0.5%, lẹ́yìn owó orí £13 ló kù lóṣù. Kò dá £130 tó ń fi ránṣẹ́ sílé dúró o, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ Bank of England, ohun tó mọ̀ ni pé oògùn ti tán. Ojú owó ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí mú, kò sì sọ fẹ́nì kankan.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Báǹkì ń gba owó lọ́wọ́ irú Àǹtí, ó ń yá irú Dẹ́rẹ́bà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tó ń san fún tibí àti iye tó ń gbà lọ́wọ́ tọ̀hún ló fi ń jẹun. Tí Bank of England bá ti fa èlé wálẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa wálẹ̀ pọ̀, báǹkì ò ní fi àpò ara ẹ̀ san ẹ̀dínwó tí Dẹ́rẹ́bà ń jẹ. Ara ohun tí wọn ò san fún Àǹtí àti àwọn bíi tiẹ̀ mọ́ ló ti ń wá. Báǹkì náà ò sì gbé ìpín tiẹ̀ jù sílẹ̀, ẹni tó bá lọ gba mortgage tuntun ní 2009, pàápàá tí deposit ẹ̀, owó tó máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, bá kéré, kò rí 1% níbì kankan, ẹni tó ti ní tracker àtijọ́ lọ́wọ́ nìkan ló jẹ dídùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún wá dá kún un ni Funding for Lending, tí Bank of England àti Treasury, iléeṣẹ́ ìnáwó ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Wọ́n ń yá àwọn báǹkì lówó pọ́ọ́kú kí àwọn náà lè yá aráàlú. Èrò yẹn dáa fún ẹni tó fẹ́ ra ilé, mortgage wálẹ̀ sí i. Àmọ́ báǹkì tó ti rí owó pọ́ọ́kú gbà lọ́dọ̀ Bank of England, kí ló tún fẹ́ fi owó Àǹtí ṣe tó fi máa sanwó gidi lé e? Èlé àkáǹtì ìfowópamọ́ tún já, bẹ́ẹ̀ Bank of England ò kúrò lórí 0.5% rárá. Àwọn àkáǹtì tó bá sì dà bíi pé ó sàn díẹ̀, bonus oṣù méjìlá ló ń gbé e, tí bonus bá tán á di 0.1%, ẹni tó bá lágbára láti máa kó owó kiri lọ́dọọdún nìkan ló lè máa jẹ ẹ́. Àgbà tó ti wà nídìí building society kan fún ogún ọdún, òun gan-an ni wọ́n ń san tó kéré jù fún. Èyí bí mi nínú títí di òní.

Ọjà ò sì dúró dè wọ́n. Ní September 2011, ọ̀wọ́n ọjà dé 5.2%. £40,000 tó jókòó jẹ́ẹ́ ní báǹkì, ohun tó lè rà dín kù bíi £2,000 lọ́dún kan ṣoṣo, èlé tí wọ́n san lé e ò sì ju £200 lọ kí wọ́n tó yọ owó orí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan án, iye tó wà nínú ìwé ò yí padà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò fi tètè fura. Charles Bean tó jẹ́ igbákejì gómìnà Bank of England nígbà yẹn bọ́ sórí Channel 4 ní September 2010, ó ní nírú àsìkò yẹn kò yẹ kí àwọn tó fowó pa mọ́ máa retí àtifi èlé nìkan jẹun, ó lè bọ́gbọ́n mu kí wọ́n jẹ díẹ̀ lára ojú owó. Àǹtí gbọ́ ọ. Ó ti ń jẹ ojú owó ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, £130 ń jáde, £13 ń wọlé.

Kò sì jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ní mortgage ló jèrè o, mo fẹ́ ká mọ̀yẹn náà. Ẹni tó ti wọ fixed ọdún márùn-ún ní 2007, iye tó gba àdéhùn lé lórí náà ló ń san, tó bá fẹ́ jáde owó ìtanràn wà níbẹ̀. Tàwọn oníbàárà Northern Rock ló le jù. Báǹkì yẹn làwọn èèyàn tò sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní September 2007 láti gba owó wọn, ìjọba gbà á ní February 2008, nígbà tó yá wọ́n ta púpọ̀ nínú mortgage tó wà níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í yá èèyàn lówó tuntun. Èlé tí wọ́n ń san ga. Tí wọ́n bá fẹ́ kó lọ síbòmíì, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2014 ní kí báǹkì kọ́kọ́ yẹ ìwọlé owó wọn wò kínníkínní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì yege, wọ́n á ní agbára wọn ò ká owó kékeré nígbà tí wọ́n ti ń san èyí tó pọ̀ jù ú lọ láìyẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọmọbìnrin Àǹtí fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò ní mortgage, ó ń tọ́jú owó deposit ni, owó tó ń tọ́jú ò rí èlé jẹ, ilé tó fẹ́ fi rà ń gbówó lórí torí pé mortgage ti dẹ̀. Ojú méjèèjì ni wọ́n ti gbá a.

Bank of England fúnra ẹ̀ gbé ìwé kan jáde ní 2012 lórí ẹni tó jèrè QE. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé QE gbé iye dúkìá aráàlú sókè, àmọ́ 5% àwọn ìdílé tó lówó jù ló ni 40% irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Torí náà a ò lè sọ pé irú Dẹ́rẹ́bà ló kó gbogbo ẹ̀ lọ, tiẹ̀ kéré tá a bá fi wé ti ẹni tó ti ní share àti ilé mẹ́rin tẹ́lẹ̀.

Boxing Day 2010 ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ síta láàárín wọn. Ilé Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo wa wà, a ti jẹun tán. Àǹtí ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo rí mọ́tò tuntun níta."

"Ẹ ṣé mà, Ọlọ́run ló ṣe é."

"Mo bá ẹ yọ̀. Èló lò ń san lórí ilé yìí báyìí?"

Ó sọ fún un. Àǹtí ní kó tún un sọ. Ó wá ní, "Èlé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ ẹ ló wà. Mi ò bá ẹ jà o. Àmọ́ ìyá ẹ ni mò ń fi ránṣẹ́ sí, inú ojú owó ni mo sì ti ń mú un láti ọdún tó kọjá."

Ọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Àǹtí, ẹ darí jì mí, mi ò mọ̀ rárá. Ẹ ò sọ fún mi."

"Kí ni mi ò bá sọ? Ìwọ kọ́ lo gé èlé."

Kó tó di pé a túká lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ti fẹnu kò. Láti January 2011 Dẹ́rẹ́bà ló ń fi £130 ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, standing order ni, kò dáwọ́ dúró títí màmá fi kú ní 2019. Àǹtí tún ní kó má jẹ èyí tó kù tán, èlé tó wálẹ̀ á gòkè lọ́jọ́ kan, kó máa fi £400 dín ojú owó kù lóṣooṣù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: £125 fún báǹkì, £130 fún ìyá ẹ̀, £400 lórí ojú owó, àpapọ̀ ẹ̀ £655, kò tíì tó £781 tó ń san ní 2007. Nígbà tí gbogbo ìyẹn fi máa bẹ̀rẹ̀, Àǹtí ti jẹ ju £2,500 lọ nínú owó ẹ̀.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò rò pé ìjọba lè ṣe irú ìpàdé yẹn fún gbogbo ìlú. Mi ò sì sọ pé kí wọ́n má gé èlé. Ní ìparí 2011 àwọn tí ò níṣẹ́ ní Britain ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.7 million, tí èlé bá dúró sí 5% ni, ta ló mọ̀ bóyá Dẹ́rẹ́bà ṣì ń wakọ̀, ta ló mọ̀ bóyá building society tí owó Àǹtí wà ṣì dúró. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe tí wọn ò ṣe. NS&I, ilé ìfowópamọ́ ìjọba, ní ìwé owó kan tí èlé ẹ̀ máa ń bá ọ̀wọ́n ọjà lọ. Wọ́n dá a dúró ní July 2010, ìgbà tí àwọn àgbà nílò ẹ̀ jù. Wọ́n ṣí i padà ní May 2011, ọmọbìnrin Àǹtí sáré bá a ra £15,000, ibi tí wọ́n fi mọ fún ẹnì kan, nígbà tó di September wọ́n ti tì í pa. Tí wọ́n bá fi ìlẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì nìkan, ì bá san ọ̀pọ̀ lára ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn padà, kò sì ní dí Bank of England lọ́wọ́ iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn tó ń retí kí èlé gòkè retí ẹ̀ títí. Mark Carney tó di gómìnà ní 2013 sọ ní August ọdún yẹn pé àwọn ò ní ronú àtigbé e sókè títí àìríṣẹ́ṣe á fi wálẹ̀ dé 7%, ó wálẹ̀ dé ibẹ̀ kíá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, wọn ò gbé e. Lẹ́yìn ìdìbò Brexit wọ́n tún gé e sí 0.25% ní August 2016. November 2017 ni wọ́n tó gbé e sókè, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Kòrónà dé, ó di 0.1% ní 19 March 2020.

Ọdún mẹ́wàá ni Dẹ́rẹ́bà fi san £400 yẹn láìpa oṣù kankan jẹ, £48,000, gbèsè ẹ̀ ti di £102,000 ní ìparí 2020. Lẹ́yìn náà ni èlé wá yí padà: December 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé e, August 2023 ó ti dé 5.25%. Láàárín ẹ̀ ni Kwasi Kwarteng, mínísítà ètò ìnáwó nígbà yẹn, ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní 23 September 2022 tí ọjà dàrú, oṣù tó tẹ̀ lé e fixed ọlọ́dún méjì ti kọjá 6%. Àwọn tó ra ilé nígbà tí mortgage ò tó 2% ń ké. Dẹ́rẹ́bà ń san £51 lóṣù tẹ́lẹ̀, ó di £489. Ká ní kò dín ojú owó kù ni, £719 ni ì bá máa san, ó sì ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún.

Ó kan Àǹtí wàyí. Àkáǹtì páàsìbúùkù ẹ̀ ò tètè gòkè rárá, wọ́n yára gé e nígbà tó ń wálẹ̀, wọ́n fà á sẹ́yìn nígbà tó ń gòkè, àfi ìgbà tí FCA tó ń mójú tó àwọn báǹkì tó pariwo lé wọn lórí ní July 2023 pẹ̀lú àtòjọ ohun 14 tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Ní ìparí August ọdún yẹn NS&I gbé bond ọlọ́dún kan jáde, owó tí wọ́n á tì pa fún ọdún kan, èlé ẹ̀ 6.2%. Àǹtí kó £35,000 sí i, wọ́n tì í pa ní ìbẹ̀rẹ̀ October. Nígbà tí ọdún pé £2,170 ló rí, ó ju £2,000 tó ń rí ní 2007 lọ nínú ìwé. Àmọ́ láti 2007 di 2024 ọjà ti fi ju ìdajì lọ wọ́n sí i, ní October 2022 nìkan ọ̀wọ́n ọjà dé 11.1%, owó tó ń wò yẹn ò lè ra ohun tí ti àtijọ́ rà.

August 2024 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí gé e, 5%, ó di 4.75% ní November, wọ́n ń bá a lọ ní 2025. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gé e, Dẹ́rẹ́bà á pe Àǹtí kó tó pe ẹnikẹ́ni, wọ́n á jọ wo àkáǹtì ìfowópamọ́ fixed ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta tó ṣì dáa fún un kí báǹkì tó fà á wálẹ̀. Ó tún ti ń fi owó lé ojú owó ilé ẹ̀, 2031 ni £102,000 yẹn máa pé, ọdún yẹn ló ń lé bá.